Ẹ̀ka Pupa Lára Igi Funfun Felismina

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni Felismina ń bu sí ìdí igi òdòdó rẹ̀. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ lọ fojú ara yín wò ó: gbogbo ara igi náà ń tanná funfun bí wàrà, àfi ẹ̀ka kan ṣoṣo tó tanná pupa fòò bí ìka tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ní ilé búrẹ́dì, wọ́n tún fi iyọ̀ sí i: wọ́n ní bí èèyàn bá já òdòdó pupa yẹn, igi á kérora. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa fi sọ̀kalẹ̀ dé etí odò, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ Gaspar olóògbé ni, ọkọ Felismina, ẹni tí gbogbo òkè Minho, agbègbè wọn, mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ti sùn jẹ́jẹ́ tí kò jí mọ́, tó sì jẹ́ pé wáìnì ló pọ̀ lára rẹ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ.

Felismina fúnra rẹ̀ kò ga. Bó bá dúró sẹ́yìn kábéèjì rẹ̀, tí kábéèjì apá ibẹ̀ sì máa ń ga bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìborí rẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ojú tó fi ń wá ihò abẹ́rẹ́ ló gbé wá sínú ọgbà. Òdòdó àwọn ẹlòmíràn a máa dúró de oòrùn, tirẹ̀ a máa dúró de òtútù. Nígbà tí ọgbà gbogbo àdúgbò bá ti sùn, tí àjàrà ku igi gbígbẹ lásán, ìgbà náà ni kamẹ́líà rẹ̀, igi òdòdó funfun yẹn, yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí yóò máa la ẹnu.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o, kì í ṣe kí a gbìn ín ká gbàgbé. Bí ewé àjàrà bá ti ń já bọ́, Felismina a máa fi àtàǹpàkò wá ìrudi kiri lára igi; níbi tí mẹ́ta bá ti fún ara wọn mọ́ra, a yọ méjì kí ọ̀kan tó kù lè jẹun yó. Eérú ààrò tí gbogbo ará abúlé ń dà sí ìdí kábéèjì kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ kamẹ́líà, nítorí ewé rẹ̀ á pọ́n bí ojú ẹni tí ibà bá fínra. Ewé páìnì gbígbẹ ni ó fẹ́ràn, ìyẹn ló sì ń tẹ́ sí ìdí rẹ̀ bí ẹní. Bí yìnyín bá bo ọgbà láàárọ̀, a ta aṣọ ìbùsùn sójú oòrùn kí yìnyín lè rọra yọ́ lára ìrudi, kó má jó o. Bí òjò bá sì ń bọ̀, agbòjò dúdú Gaspar ló ń gbé jáde, a so ó mọ́ òkè ẹ̀ka tó rẹwà jù, torí ẹ̀kán omi kan péré ti tó láti sọ òdòdó funfun di aláwọ̀ tábà. Àwọn aláwàdà tó ń kọjá lójú ọ̀nà a máa kí agbòjò náà. "Gaspar, ẹ kú òjò o!" Felismina a sì dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn kábéèjì: "Ó ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ̀ ń dí òun lójú!"

Gbogbo wàhálà yìí, ọjọ́ kan ló ń dúró dè: Àjọ̀dún Àbẹ́là. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n máa ń gbé ère Ìyá Olúwa yí abúlé ká pẹ̀lú àbẹ́là títàn, òdòdó funfun Felismina ló sì máa ń wà lẹ́sẹ̀ Rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ ni. Kò ní oyè, kò ní ọmọ, kò sì kọrin dáadáa. Ìyẹn nìkan ni ipò tó ní nínú ìjọ.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi já nígbà tí Hermengarda wọ àgbàlá rẹ̀. Hermengarda ló ń tọ́jú pẹpẹ, gbogbo èèyàn sì ń pè é ní Ìyá Pẹpẹ. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìsìn kì í kúrò ní bẹ́líìtì rẹ̀. Èèyàn á ti gbọ́ dídún rẹ̀ kó tó rí i.

"Felismina."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ wọlé, ọbẹ̀ kábéèjì wà lórí iná."

"Ọbẹ̀ kọ́ ni mo bá wá. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Kí ni, mà?"

"O mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀."

Felismina wo igi. Ìyá Pẹpẹ náà wo igi. Ẹ̀ka pupa náà kò mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun, ó kàn ń dán.

"Mi ò lè gbé òdòdó tó mu ẹ̀jẹ̀ síwájú Ìyá Olúwa," ni Ìyá Pẹpẹ wí. "Gé ẹ̀ka yẹn kúrò kí àjọ̀dún tó dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òdòdó oníke ni màá gbé síbẹ̀. Wọ́n ti fi hàn mí lọ́jà, wọ́n ní a lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

Òdòdó oníke! Ìyá Pẹpẹ lọ, Felismina padà lọ dúró sídìí igi. Kò fẹ́ kí ike gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ gé ẹ̀ka yẹn náà, torí kò tíì mọ ìdí tó fi pọ́n. Ta ní í lé àlejò kó tó bi í pé níbo lo ti wá?

Ohun tó tún burú ni pé òun gan-an kò lè búra pé irọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀. Adérito, àbúrò Gaspar, ló mú ọ̀bẹ. Zulmira, aládùúgbò rẹ̀ tí ògiri kékeré kan là wọ́n láàárín, ló ń fi ọwọ́ po ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe sọ́séèjì pẹ̀lú ọtí kíkan kó má bàa dì. Zulmira gbé bàsíà, ó ń lọ sí ilé ìdáná, adìyẹ kan gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ló bá di gbì! Gbogbo ẹ̀jẹ̀ dà sí ìdí kamẹ́líà. Felismina kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ Zulmira ni sọ́séèjì ọdún yẹn ti bàjẹ́. Ó fi aṣọ bo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gé aṣọ náà, ó fi rán ẹ̀wù ìtìjú fún un.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e sì ni ẹ̀ka náà kọ́kọ́ tanná. Ṣé ẹ̀jẹ̀ lè ṣe irú ẹ̀ ṣá?

Felismina kò bi ẹnì kankan, ó dán an wò. Ó bu wáìnì pupa sí ìdí òdòdó kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpótí, ó jókòó tì í bí ẹni ń retí kí ẹyin pa. Òdòdó kò pọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó tún bu òmíràn. Òdòdó kò pọ́n, ó kàn dorí kodò. Felismina ní ó ti yó.

Ó wá já òdòdó funfun kan àti pupa kan, ó fi sínú abọ́ omi, ó wọ awò tó fi ń ránṣọ láyé ọjọ́sí. Nígbà náà ló rí i. Ti funfun ní àwẹ́ lórí àwẹ́, bí gèlè tí wọ́n fara balẹ̀ wé, kò ní ojú láàárín. Ti pupa kò ní ju àwẹ́ díẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ là gbàgàdà, ó sì ní ìrùngbọ̀n àwọ̀ ìyeyè láàárín. Ewé rẹ̀ pàápàá tín-ín-rín.

"Kí lo ń wò tó bẹ́ẹ̀?" Zulmira ti gbé àgbọ̀n lé ògiri. "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí n bá òun kí ẹni tó fún òun lẹ́jẹ̀ mu."

Zulmira wúkọ́. "Ṣé o ti sọ fún Ìyá Pẹpẹ?"

"Èmi kẹ̀? Èmi ò ní ẹnu ilé búrẹ́dì."

"Mo kàn sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ dà síbẹ̀ ni o! Àwọn ló fi ìyókù kún un."

"O sọ pé ẹ̀jẹ̀ dà. O ò sọ ẹni tó dà á."

"Kò sẹ́ni tó bi mí!"

"Zulmira."

"Ó dáa, mo jẹ̀bi. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ ni? Eékún mi ò gbà á."

"Wá wo nǹkan yìí. Ká ní ẹ̀jẹ̀ ló rẹ ẹ́ láró, ṣé ẹ̀jẹ̀ náà ló tún já àwẹ́ rẹ̀ dànù?"

Zulmira wò ó, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ọ̀rọ̀ yìí kọjá adìyẹ," ló wí.

Síbẹ̀ àjọ̀dún ti ku ọ̀la, Felismina kò sì tíì rí ìdí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Adérito kó gbé ayùn wá. Adérito dé, ó ń súfèé. Ìyá Pẹpẹ náà dé, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Zulmira ní àlùbọ́sà lòun fẹ́ yá, àmọ́ kò béèrè àlùbọ́sà.

"Ìyàwó wa, ibo ni kí n ti gé e?"

"Ọkọ mi, bí o bá máa gé e, ìsàlẹ̀ pátápátá ni o. Má fi kùkùté sílẹ̀ kó máa wò mí lójú."

Ó yí ojú sí apá ibi tí kábéèjì wà. Adérito kúnlẹ̀, ó gbá ewé páìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ọwọ́ wa erùpẹ̀ kó lè rí ìdí ẹ̀ka. Ó wà, ó wà, ìdí ẹ̀ka ò dé.

"Ta ló kó erùpẹ̀ jọ síbí báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Bó ṣe rà á lọ́jà ló ti gbìn ín."

Adérito tún wà á díẹ̀ sí i, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ayùn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Gaspar! Áà, ẹ̀gbọ́n mi! Ó gbin òdòdó bí ẹni gbin àjàrà!"

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún ẹnì kejì, ọmọ àjàrà ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá so ẹ̀ka àjàrà kan mọ́ gbòǹgbò òmíràn, wọ́n á kó erùpẹ̀ bo oríkèé náà kí òtútù má pa á. Bó bá ti mú tán, wọ́n á kó erùpẹ̀ kúrò. Gaspar rí i pé kamẹ́líà náà ní irú oríkèé bẹ́ẹ̀, ó bò ó, ó lọ mu wáìnì, kò padà wá ṣí i. Ọjọ́ ti pẹ́. Gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀, tí gbogbo ayé rò pé ẹrù nìkan ló ń rù, ti fọgbọ́n yọ ọ̀mùnú sókè, ó rọ̀ mọ́ ara igi bí ọmọ tó fẹ́ bá àgbà ya fọ́tò.

Felismina na ọwọ́ sínú ihò náà. Ó fọwọ́ kan oríkèé: ó wú, ó le, ó dà bí orúnkún arúgbó. Ó fi ìka tọ ẹ̀ka pupa wálẹ̀. Ìka rẹ̀ kọjá oríkèé, ó sì tún ń lọ.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, mà," ló wí.

Ìyá Pẹpẹ bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó fọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń dún lókè ihò. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe ara igi funfun rárá."

"Kì í ṣe ara rẹ̀, mà."

"Ṣé kí n gé e àbí kí n má gé e?" ni Adérito bi wọ́n. "Ẹ gbọ́ o, bí a bá fi í sílẹ̀, yóò máa jẹ nínú oúnjẹ funfun."

"Jẹ́ kó jẹ," ni Felismina wí. "Gaspar ló gbìn ín. Nínú ilé yìí, ta ni kì í jẹun ẹlòmíràn?"

Gbogbo ojú bá yí sí Ìyá Pẹpẹ. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ etí ìborùn, kò yára.

"Ọ̀la, kó funfun wá, gbogbo èyí tó bá ti là," ló wí. "Ọ̀tunla ni ọjọ́ ẹni mímọ́ São Brás. Wọ́n pa á nítorí ìgbàgbọ́, pupa ló sì yẹ irú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá pupa."

"Òdòdó oníke ńkọ́, mà?" ni Zulmira bi í.

"Òdòdó oníke wo?"

Lọ́jọ́ kejì, Felismina to funfun sórí èéhù tútù tó hù lára òkúta odò, nínú abọ́ igi, kò fọwọ́ kan àwẹ́ kan ṣoṣo, ó sì rìn lẹ́yìn ère pẹ̀lú àbẹ́là rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé pupa lọ. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà ní ilé búrẹ́dì ra búrẹ́dì àgbàdo. Àwọn tó wà níbẹ̀ yí ojú sí Zulmira, Zulmira náà ń wo ìyẹ̀fun. Ó jọ pé ó ṣòro fún Zulmira láti sọ̀rọ̀ ju kó gbé ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú, ó sì wí fún wọn pé òun lòun da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti pé ẹ̀jẹ̀ náà kò sọ nǹkan kan di pupa: gbòǹgbò olódòdó pupa ni wọ́n so igi funfun Felismina mọ́ lórí, abẹ́ oríkèé náà sì ni ẹ̀ka pupa ti yọ.