Rúùtù àti Ẹjọ́ Lẹ́tà Olóhùn

Rúùtù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ọkọ wá sí Ọ̀yọ́, kò ga, kò sanra, àmọ́ ẹnu rẹ̀ tó ti èèyàn mẹ́ta. Ní ìjọ Kérúbù tó ń lọ, wọ́n ti fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tó bá ń jẹ́rìí. Ní ọdún 1988, ṣọ́ọ̀bù kan ní Owódé, ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀, ló fi ń jẹun. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, tó sì fẹ́ bá ará Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, yóò jókòó síwájú rẹ́kọ́dà rẹ̀, yóò sọ tẹnu rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́runṣògo, ọkọ Rúùtù tó ń wakọ̀ èrò, á gbé e lọ fún Abigail, àbúrò Rúùtù, ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Èsì á tún gba ọ̀nà kan náà padà. Kò sí wáyà, kò sí tẹlifóònù, ọ̀rọ̀ sì ń dé.

Àfi bí Anas, tó ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tirẹ̀, ṣe dìde lọ́jọ́ kan tó ní òun lòun kọ́kọ́ ronú kan lẹ́tà olóhùn. Ká má parọ́, a ò rí i kó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó lọ tẹ ìwé, ó lu òǹtẹ̀ sí i níbi mẹ́rin, ó sì gbé e fún ẹgbẹ́ àwọn onírédíò, tó ń darí gbogbo ẹni tó ń fi rẹ́kọ́dà ṣòwò. Òǹtẹ̀ mẹ́rin kì í ṣe kékeré lójú àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà. Alága wọn, Alàájì Mashood, dájọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba lẹ́tà sínú kásẹ́ẹ̀tì mọ́ àfi Anas. Tí Rúùtù bá tún dán an wò, wọn á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Rúùtù sunkún odindi ọjọ́ kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó lọ bá Alàájì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹgbẹ́ fòfin de kíkí èèyàn náà ni?"

Alàájì ní rárá, ta ló ń fòfin de ìkíni nílẹ̀ Yorùbá.

Bí Rúùtù ṣe padà sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ó ní kí àwọn oníbàárà máa kíni nìkan, ó sì ránṣẹ́ sí Abigail pé kí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ kú òrùlé wa tó tún ti ń jò," ni obìnrin kan fi kí ọkọ rẹ̀. Òmíràn kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ẹ kú ìmúra àtipàdé mi ní Takie lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ sì kú iṣu mẹ́fà tí ẹ máa gbé dání." Orí Anas gbóná. Ó tún pe Rúùtù lẹ́jọ́ síwájú ẹgbẹ́.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Anas ki ọwọ́ bọ inú àpò tí Ọlọ́runṣògo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti Takie, ó fa kásẹ́ẹ̀tì kan yọ láìwo orúkọ, ó tì í bọ rẹ́kọ́dà. Rúùtù kò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Tí onítọ̀hún bá gbàgbé, tó lọ sọ̀rọ̀ láìkí, ṣọ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn.

Ohùn obìnrin kan jáde. "Bàbá Bushrah, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú wàhálà ẹgbẹ́."

Alàájì Mashood tó ti ń tòògbé jí pátápátá. Ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ọdún Iléyá tí ẹ ò wá ṣe nílé. Ẹ kú ìyàwó tuntun tí ẹ gbé pamọ́ sí Ìrẹsà. Ẹ kú ìmúra de èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta, a ń bọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ Sátidé."

Anas nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, Alàájì. Lẹ́tà pọ́ńbélé nìyẹn."

"Lẹ́tà wo?" Alàájì ti yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó ti tì í bọ àpò. "Ìwọ Anas, ṣé o rí ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí níbí? Ìkíni lásán ni. Kí obìnrin yìí máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìpàdé ti tú."

Rúùtù kúnlẹ̀, omijé ayọ̀ lé ròrò sójú rẹ̀. "A dúpẹ́ o, sà. Ẹ kú ìmúra Sátidé."