Táyà Màṣíìnì Màmá Mi

Òórùn pẹtiróòlù àti ti ẹrẹ̀ òjò ló máa ń jí mi láàárọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, nígbà tí màmá mi bá ń fi ẹsẹ̀ ta màṣíìnì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó lè sítáàtì. Òyìnbó kan tó ṣiṣẹ́ ní èbúté Apápá ló fi í ta ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Màṣíìnì gíga ni, irú èyí tó ń sáré lójú títì tó sì tún lè la igbó kọjá. Màmá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ló ń gùn ún káàkiri. Àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò níwájú ilé a máa bi í bóyá bàbá wa ló ń se ọbẹ̀ báyìí. Á ní ó ti ń sè é tipẹ́, ó sì dùn ju ti ìyàwó wọn lọ. Ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu rẹ̀: "Agbẹ̀bí kì í dúró de ilẹ̀ gbígbẹ."

Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ kì í sì í gbẹ. Lórí ọ̀dà Creek Road, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tí màṣíìnì yẹn kò lè yà sílẹ̀. Tó bá wọ àdúgbò wa lásìkò òjò, táyà ẹ̀yìn á máa yí lójú kan, nítorí ara rẹ̀ ti dán. Bọ̀dá Súlè, mẹkáníìkì wa ní Ìjọra, ṣàlàyé fún màmá mi lójú mi. Táyà eléyín ńláńlá ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, kí wọ́n fi irin eléyín tó tóbi jù rọ́pò èyí tí ṣéènì ń yí lẹ́yìn. Eré rẹ̀ á dín kù, ṣùgbọ́n á lágbára láti fa ara rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ẹ má ná kọ́bọ̀ sí ẹ́ńjìnnì, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Bàtà ni kò ní, àyà ò dùn ún." Màmá mi kọ ọ́ sínú ìwé, táyà lókè, ó sì gbé e fún ìgbìmọ̀ ìjọ.

Ọkùnrin márùn-ún ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó gun màṣíìnì rí. Owó tí ìjọ dá kò tó ṣe gbogbo nǹkan. Wọ́n ní láti yan. Bàbá Ìjọ, alága wọn, ní obìnrin ò mọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó ní ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ Olúwa, ó yẹ kí ayé máa gbọ́ ìró rẹ̀ bó bá ń bọ̀. Wọ́n gbé màṣíìnì náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn. Wọ́n fi kabúrétọ̀ ńlá sí i, wọ́n yọ páìpù èéfín rẹ̀, wọ́n fi èyí tó ń bú ramúramù rọ́pò, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sì kọ orúkọ ìjọ sára tánkì. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, wọ́n sítáàtì rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Màmá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Táyà ni èmi ń wò. Ó dán bí orí apárí.

Lóṣù keje, òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, wọ́n wá pe màmá mi sí Màmá Efe, tó ń gbé lẹ́bàá kánáálì. Rọbí ti mú un, ẹsẹ̀ ọmọ ló sì kọ́kọ́ yọ. Mo jókòó sẹ́yìn, mo gbá báàgì màmá mi mọ́ àyà. Lẹ́nu àdúgbò wọn, táyà ẹ̀yìn rì. Bí màmá mi ṣe ń fún un níná tó, bẹ́ẹ̀ ló ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, tó ń bú bíi kìnnìún. A sọ̀ kalẹ̀, a tì í títí, kò lọ. Nígbẹ̀yìn, màmá mi fi í sílẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, a wọ́ omi lọ. Ọmọ ti jáde kí a tó débẹ̀, kò sì ké. Màmá mi fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí, kò mí. Ọkọ Màmá Efe dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ohun tó sọ kò ju pé, "Nurse, we dey hear you since."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá Ìjọ gbàdúrà fún ìdílé náà, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo dìde. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo ní, "Táyà ni, sà. Ẹ má parọ́ mọ́ Ọlọ́run."

Màmá mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Lẹ́yìn ìsìn, ó mú mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ìjọ. Bí a ṣe ń lọ sílé ló sọ pé òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n àwọn aboyún ìjọ yẹn ṣì máa bímọ lọ́la, ta ni yóò gbẹ̀bí wọn bí wọ́n bá lé òun? Èsì náà kò tẹ́ mi lọ́rùn nígbà náà. Kò tẹ́ mi lọ́rùn títí di òní. Òun àti Bàbá Ìjọ ti kú, mo ṣì ń bínú sí àwọn méjèèjì.

Lọ́dún tó kọjá, Fúnkẹ́ ìyàwó mi kú ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Mábù ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà lára gbogbo ògiri. Ọ́síjìn ni wọn kò ní. Dókítà jáde wá bá mi, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ ṣeun, dókítà."

Nínú mọ́tò, ọmọ mi obìnrin bi mí pé, "Dádì, kí lẹ ń dúpẹ́ fún?"

Ohun tí èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá ì bá bi mí gan-an nìyẹn.