Apá Òsì Méjì àti Ìràwọ̀ Tíṣà

Ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà nínú rírí ìràwọ̀ kan.

Ogun ti parí nígbà náà, owó epo ti dé, Onítṣà ń kọ́lé lórí àlàpà. Àdúgbò Odoakpu níbẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ. Ọmọ onílé mi, Tíṣà là ń pè é, gbé iṣẹ́ wálé láti yunifásítì. Ó ní ẹ̀rọ kan lójú ọ̀run rí ìtànṣán líle tí ojú ènìyàn kì í rí, gámà lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà mọ àdúgbò tó ti ń wá, kò mọ ilé.

Mo ní, “Bí ìgbà téèyàn gbóòórùn ọbẹ̀ tó ń jóná nínú ilé oníyàrá méjìlá.”

“Ìkòkò yẹn gan-an ni mò ń wá!”

Fíìmù méjì ló ní, irú èyí tí dókítà fi ń wo egungun. Ọ̀kan ya ooru ojú ọ̀run, ìràwọ̀ kan sì dán nínú rẹ̀ ju ará àdúgbò rẹ̀ lọ, òun ni Tíṣà fura sí. Ìkejì ya ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí níbì kan náà. Ibẹ̀ ló ti ń wá ìràwọ̀ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rí i. Bó bá fi di Jímọ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò gba iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé fíìmù méjèèjì wá sí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi, torí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, ó fi ọ̀kan lé èkejì. Mo wò wọ́n fínnífínní.

“Tíṣà, ọ̀kan dojú délẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Madam, na star be dis o, no be blouse.”

Mo fi Ígbò dá a lóhùn pé, “Fíìmù ìràwọ̀ ò wá lójú lẹ́yìn ni? Apá ọ̀tún àti apá òsì lo tò léra yìí. Òsì méjì lo nílò!”

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo gé apá òsì méjì sí búláòsì oníbàárà, torí n kò yí pépà tí a fi ń gé e padà. Ọ̀gá mi nà mí. Àṣé àṣìṣe mi yẹn ni Tíṣà ń wá kiri!

Ó yí fíìmù kan padà, kí n lè panu mọ́. Gbogbo ìràwọ̀ bára mu bí bọ́tìnnì àti ihò rẹ̀. Lábẹ́ èyí tó ń dán, ẹyọ ìràwọ̀ kan wà nínú fíìmù kejì, kékeré bí ojú abẹ́rẹ́.

Tíṣà bú sígbe. Ará Odoakpu rọ́ wá, wọ́n rò pé iná sọ.

Mo ní, “Ó ti rí ìkòkò tó ń jóná!”

Àwọn tó ní awò ńlá tí a fi ń wo ìràwọ̀ wò ó lẹ́yìn náà, ibẹ̀ gan-an ni ìtànṣán gámà náà ti ń wá. Tíṣà gbé aṣọ wá kí n rán ṣẹ́ẹ̀tì tí yóò wọ̀ lọ bá wọn.

“Nne,” bí Ígbò ṣe ń pe ìyá, ló wí, “ọ̀tún kan, òsì kan o.”