Ẹ̀gbọ́n Màmá Mi Tó Máa Ń Lọ Wo Ọ̀nà

Tí kọ́kọ́rọ́ máṣìnì bá ti ń dún lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tí a ń pè ní Tọ́ntọ́n, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ó máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù. Tí wọ́n bá pè é síbi ìgbéyàwó lọ́la, á gun máṣìnì lọ lónìí, á wo géètì, á padà sílé. Ó máa ń bí mi nínú.

Ọdún tí mo gba báàkì, ìwé ẹ̀rí ìparí girama, àwọn ará ilé ní kí n ṣe kíláàsì ìmúrasílẹ̀ nígbà ìsinmi, kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Mo ní mi ò ṣe. Ṣebí èmi ni mo dá kọ́ ara mi tí mo fi yege? Àmọ́ mi ò lè jókòó, mi ò lè jẹun. Wọ́n ní ọdún kìíní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn máa ń lé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dànù.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kíláàsì, Tọ́ntọ́n gbọn kọ́kọ́rọ́ máṣìnì létí mi. "Gùn ún."

"Tọ́ntọ́n, mo ní mi ò lọ."

"Ta ló ní kí o lọ? Ọ̀nà la fẹ́ wò."

Láti Agblangandan níbi tí à ń gbé, a dé ẹnu géètì ibi tí wọ́n ti máa ṣe kíláàsì náà. Wọ́n tì í pa. Ó wò ó, ó yí máṣìnì padà.

"O ti mọ ọ̀nà. Tí o kò bá wá, a ò ní sọ pé o sọnù."

Àárọ̀ ọjọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, mo jáde, ó ti wà lórí máṣìnì.

"Kì í ṣe torí yín ni mo ṣe ń lọ o."

"Mo mọ̀. Pọ́ọ̀tù lèmi ń lọ."

A dé ìyànà pọ́ọ̀tù, kò yà síbẹ̀, ọ̀nà kíláàsì ló ń bá lọ. Èmi náà ò sọ fún un pé ó ti kọjá rẹ̀.