Etí Ìwé Tó Ṣófo

Ìwé kan wà nínú yàrá ìwé ìjọ wa ní Sùúrùlérè tí ojú máa ń tì mí láti wò. Ìwé tuntun ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, kò sì sí ojú ewé kankan tó ya nínú rẹ̀. Èmi ni mo fi síbẹ̀.

Ìjọ ló tọ́ mi. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ìyá ìjọ ni wọ́n pín mi láàárín ara wọn: ọ̀kan ń rán aṣọ mi, ọ̀kan ń mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ẹni tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tó ń gbé ní Ìdí-Àràbà. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bímọ fúnra wọn. Tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, màá jókòó sórí ẹní níwájú pẹpẹ ìwé wọn, màá máa ka ohun tí ọwọ́ mi bá bà: ìwé àlọ́, ìwé ìṣirò, ìwé nípa bí a ṣe ń sin adìẹ. Ohunkóhun tí mo bá dà lónìí, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àgbà dé sí Màmá, tí wọ́n kó lọ sí yàrá kan ṣoṣo, wọ́n kó gbogbo ìwé wọn fún ìjọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tọrọ ni pé kí a jẹ́ kí wọ́n máa wá kí àwọn ìwé náà. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á wọlé, wọ́n á mú ìwé kékeré kan tó dá lórí ìtọ́jú aboyún àti ọmọ tuntun, wọ́n á gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n á máa ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, ètè wọn á máa mì. Mo rò pé iṣẹ́ wọn àtijọ́ ni wọ́n ń rántí.

Lẹ́yìn náà, àlùfáà wa fi yàrá ìwé sí ìkáwọ́ mi. Àjọ̀dún ìjọ ń bọ̀, ìgbìmọ̀ sì ní kí a wá ìwé tuntun rọ́pò àwọn tó ti gbó. Inú mi dùn gan-an. Mo kọ orúkọ ìwé sínú bébà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láti Ọ̀yìngbò dé Yábà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ń wá ìwé ìtàn ìlú, ìwé aṣọ rírán, ìwé oko, ìwé ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ọmọdé. Ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ní Yábà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Àǹtí, adìẹ lẹ bi mí lánàá, abẹ́rẹ́ lẹ ń bi mí lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?"

Mi ò lè ṣàlàyé ayọ̀ tó wà nínú kí ènìyàn rò pé ìwé kan ti pa rẹ́ láyé, kó wá bá a pé wọ́n ti tún un tẹ̀. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà fa ìwé agbẹ̀bí Màmá yọ, àtúntẹ̀ tó mọ́ nigín-nigín, mo pariwo "Olúwa ṣeun" lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé yàrá ìwé, mo gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́, mo fi wọ́n wéra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó dín. Àwòrán inú rẹ̀ tiẹ̀ hàn kedere ju ti àtijọ́ lọ. Mo rí i pé wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí ìwé àtijọ́ náà, ní ewé púpọ̀. Mo rò pé ohun tí nọ́ọ̀sì ń kọ nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ni. Mi ò kà á. Èmi tí mo ń ka gbogbo nǹkan, mi ò ka ìyẹn.

Àwọn ìwé tó gbó, ti Màmá náà pẹ̀lú, kún àpò méjì. Mo gbé wọn fún ìyá tó ń ta ẹ̀pà yíyan lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, kí ó máa fi wé ọjà rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá wọlé, wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí ìwé wọn máa ń wà. Ọwọ́ wọn dúró lára tuntun tí mo fi síbẹ̀.

"Èyí kọ́."

Mo sọ fún wọn tayọ̀tayọ̀ pé òun náà ni, pé wọ́n tún un tẹ̀ ni. Wọ́n ṣí i. Wọ́n fi ìka tọ etí ojú ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi pé ohun kan lè wà níbẹ̀ tí ojú kò rí.

"Tèmi ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní, "Ikán ti jẹ ẹ́, Màmá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Wọ́n jókòó. Wọ́n wá sọ ohun tó wà ní etí ìwé náà fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ mi ní ìwé. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbẹ̀bí, àwọn ọmọ kan wà tí kò pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé. Ọmọ tí kò bá dé ọjọ́ ìkómọ, kò ní orúkọ. Àwọn ẹbí kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, kí ìyá má baà máa sunkún. Màmá kò lè fara mọ́ ọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n fún lórúkọ, wọ́n sì kọ ọ́ sí etí ìwé tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n á fi máa dárúkọ wọn fún Ọlọ́run. Kò sí ibòmíràn láyé tí orúkọ wọ̀nyẹn wà.

Ìwàásù tí mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà pa rẹ́ nínú orí mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sáré lọ bá ìyá elẹ́pà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo ìwé náà tán. A tú ìyókù palẹ̀, a sì rí ewé kan ṣoṣo lára ti Màmá, iyọ̀ ẹ̀pà lára rẹ̀, orúkọ méjì létí rẹ̀.

Mo mú ewé náà àti ìwé tuntun, mo gba yàrá wọn ní Ìdí-Àràbà lọ. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Mo ti mọ̀. Káńfọ̀ ló wà láàárín ìwé yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ikán wo ló máa sún mọ́ ọn?" Wọ́n wò mí. "Ìwọ náà nìyẹn. Ní kékeré, o jẹ ẹran inú ìkòkò mi, o ní ológbò ni. Ta ló ń sin ológbò nílé yìí?"

Mo bú sẹ́kún. Wọn kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n fún mi ní pẹ́ńsù, wọ́n ní kí n ṣí ìwé tuntun náà, kí n máa kọ. Orúkọ tó wá sí wọn lẹ́nu yára ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń kán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, orúkọ tán lẹ́nu wọn. Mo bi wọ́n pé mélòó ló kù. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀, àwọn kò kà wọ́n rí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Wọ́n ṣì ń wá lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni mo ń ka orúkọ náà sókè báyìí, nítorí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Tí a bá dé ewé tí etí rẹ̀ ṣófo, wọ́n á ní kí n má ṣí i kọjá. A ó dúró níbẹ̀ díẹ̀ fún àwọn tí orúkọ wọn kò padà wá. Lẹ́yìn náà, Màmá á fi ọwọ́ kan káńfọ̀ tí wọ́n ti fi sáàárín ìwé tuntun náà, wọ́n á ní, "Ó yá, ṣí i."