Orin tí Mọ́ládé Kọ Létí Sàréè

Ìyá Sọ̀fíyàt ni gbogbo àdúgbò ní Kisi ń pe Àwáwù, nítorí ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni Ọlọ́run fi jíǹkí òun àti Ládòkun, ọkọ rẹ̀. Oko iṣu ni wọ́n fi rán an níléèwé títí ó fi kọjá sí ìlú òyìnbó. Níbẹ̀ ló bí Mọ́ládé sí.

Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Sọ̀fíyàt ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè lórí fóònù, orin táwọn ọ̀dọ́ ń jó kárí Nàìjíríà ni yóò máa kọ láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè, tí yóò máa mi èjìká. Bí iléèwé bá ní kí kálukú ṣàfihàn ìlú rẹ̀, orin yẹn náà ni. Inú Àwáwù a máa dùn. "Ẹ gbọ́ ohùn ọmọ wa! Ta ló ní kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà?"

Nígbà tí àìsàn dá Ládòkun dùbúlẹ̀, ó ní kí wọ́n pe ọmọ ọmọ òun. Mọ́ládé tún kọrin. Bó ti parí, bàbá fi ìgúnpá gbé ara nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kì í: "Àṣàkẹ́ mi, Àṣàkẹ́ ọmọ Ládòkun, ṣé dáadáa lo wà?"

Ọmọ náà fi èdè òyìnbó bi ìyá rẹ̀ pé ta ló ń jẹ́ Àṣàkẹ́. Tìtìjú-tìtìjú ni Sọ̀fíyàt fi túmọ̀ ìbéèrè náà fún àwọn òbí rẹ̀.

Ládòkun kọjú sí ògiri. "Ó mọ orin wa," ó wí, "kò mọ̀ pé òun ni mò ń pè."

Kò pẹ́ sí i tó fi kú. Ìwé ìgbélùú Sọ̀fíyàt kò tíì jáde. Bó bá kúrò níbẹ̀, kò ní rí ọ̀nà padà. Lórí fóònù ló ti sunkún sin bàbá rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, nígbà tí ìwé náà jáde, ni òun àti Mọ́ládé tó dé. Létí sàréè lẹ́yìnkùlé, Sọ̀fíyàt wólẹ̀, ó ń ké pé, "Bàbá mi, ẹ má bínú." Mọ́ládé wo ìyá rẹ̀ títí. Ó wá la ẹnu, ó rọra ń kọ orin ijó yẹn, orin ọtí àti ìdí jíjù, nítorí kò ní Yorùbá mìíràn lẹ́nu.

Bàbá Kàdírì, àbúrò olóògbé, fi ìbínú jáde. "Irú kí lèyí? Létí sàréè mùsùlùmí!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Kàdírì," ni Àwáwù wí. "Ohun tó rí gbà lọ́wọ́ ìlú rẹ̀ nìyẹn. Àwa kò fún un ní òmíràn."

Ó fa ọmọ náà mọ́ra títí orin fi tán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà, ọ̀rọ̀ kún inú Àwáwù ní gáréèjì. Ó fẹ́ sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ irú ènìyàn tí Ládòkun jẹ́, bó ṣe ń gbé Sọ̀fíyàt kọ́rùn bọ̀ láti oko, bí ilé ṣe pa rọ́rọ́ báyìí. Mọ́ládé yọjú lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwáwù juwọ́ sí i, ó ń juwọ́ títí eruku fi bo ọkọ̀ náà.