Fídíò Tí Kò Lọ́gàá

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá tutọ́ sójú kámẹ́rà fóònù kó tó fi etí aṣọ nù ún, ó máa ń rí mi lára. Bí àbúrò bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn nílùú Òrò, kó tó ya fídíò ẹni ẹlẹ́ni sórí bulọ́kíṣéènì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Kò sí ọ̀gá níbẹ̀," ni yóò máa fọ́nnu. "Kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀."

Nígbà tí ara màámi ò yá, ó yà wọ́n láìwé gèlè, níbi tí ẹ̀kọ mímu tí mò ń fún wọn ti ń ṣàn sí wọn lágbọ̀n. Ó ní káyé lè bá wọn ṣàdúrà ni.

Ara wọn yá, wọ́n gbọ́ nípa fídíò náà, wọ́n sì lọ kúnlẹ̀ fún un.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á rẹ́."

"Mo ti pa tèmi rẹ́. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn yòókù ò sí níkàáwọ́ mi."

"Kò burú. Àwọn àgbà wo la máa rán lọ bẹ ọ̀gá wọn?"

"Mo ti wí, ìyàwó wa, kò sí ọ̀gá níbẹ̀."

Màámi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó tutọ́ sójú fóònù, tó ń nù ún.